Ìyàwó Ló Ta Á Nípàá

Nínú ilé wa, ìyàwó mẹ́ta ló wà fún ọkọ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́kọ́, òun ni wọ́n gbé níyàwó níṣojú gbogbo ayé. Èmi ni ìkejì, torí pé àbúrò ìyàwó, ìyàwó náà ni, bí ọkọ bá ti lẹ́nu àwàdà. Ẹ̀kẹta ní tiẹ̀ ń jẹ koríko, ó ní ìrù, ó sì ga ju àwa méjèèjì lọ. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni kì í béèrè owó ọbẹ̀.

Ọkọ tí mò ń wí yìí, Bọ̀dá ni mò ń pè é. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹṣin ló ń ṣe, nínú ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń sin ẹṣin, tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n bímọ, tí wọ́n sì ń ta àwọn ọmọ náà fún àwọn tó ń fi ẹṣin sáré ìje. Àwọn ẹṣin yìí ní orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé fún wọn, ṣùgbọ́n orúkọ náà le bí orúkọ oògùn ikọ́, ẹni bá fẹ́ pè é tán á mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín. Àwọn òṣìṣẹ́ kò bá orúkọ jà. Abo ẹṣin tí wọ́n bá ti fà lé ọ lọ́wọ́, ìyàwó rẹ nìyẹn, ìwọ lọkọ rẹ̀. "Ìyàwó ta lẹ fi sílẹ̀ sínú òjò yẹn?" "Tìẹ ti jẹun?" "Ó jẹun, ó tún fẹ́ jẹ aṣọ mi." Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá kó ọ̀rọ̀ yẹn wálé. Tó bá ti bọ́ bàtà rọ́bà sẹ́nu ọ̀nà, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi ò jẹun dáadáa lónìí o."

Àǹtí mi á dáhùn láti ilé ìdáná, "Ta ló sọ fún yín? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹun, mo tún lá ìkòkò."

"Mi ò bá ẹ wí, ti ibi iṣẹ́ ni."

"Olówó orí mi, ẹ lọ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà."

Èmi á wá ti orí àga dá sí i pé orogún tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń mú ẹ̀fọ́ ẹni hù dáadáa, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá jà.

Kì í ṣe pé Bọ̀dá fẹ́ràn ẹṣin láti kékeré o, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn aládùn tàn yín. Aláàárù ni tẹ́lẹ̀. Ó ń ru àpò oúnjẹ ẹran fún ṣọ́ọ̀bù kan tó ń tà á fún ọgbà náà. Lọ́jọ́ kan ni abo ẹṣin kan, tó ti bu gbogbo èèyàn jẹ tán, tẹ̀ lé e láti ẹnu géètì títí dé ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, ó gbé imú lé e léjìká. Ọ̀gá ọgbà rí i, ó ní kó kúkú wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Bọ̀dá a máa sọ ọ́ pé ìfẹ́ ojú ẹsẹ̀ ni. Mo ní àpò ló tẹ̀ lé, kì í ṣe òun; pé obìnrin tó bá tẹ̀ lé àpò oúnjẹ, ebi ni ìfẹ́ rẹ̀. Ó ju bàtà rọ́bà kan lù mí. Kò bà mí. Ó ju èkejì.

Ọ̀gá yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàtà-Dórúnkún. Bàtà aláwọ tó ga dé orúnkún ló máa ń wọ̀, bí ẹni tó fẹ́ fò sórí ẹṣin nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i lórí ẹṣin rí. Ẹ̀rù ẹṣin ń bà á. Ohun kan péré ló sì ń bà á lẹ́rù ju ẹṣin lọ, ìyẹn àwọn adójútòfò.

Òfin ni pé ẹni tó bá gba èèyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa sanwó fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ́dọọdún. Bí òṣìṣẹ́ bá wá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àwọn adójútòfò ni yóò san owó ilé ìwòsàn, wọ́n á sì máa fún un ní owó gbà-má-bínú títí tí ara rẹ̀ á fi yá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò ju owó ẹ̀pà lọ. Èyí tí wọ́n ń gbà lórí ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni tó ń gun òrùlé. Bí wọ́n bá sì ti sanwó fún ẹnì kan tó ṣèṣe lóòótọ́, owó ọdún tó tẹ̀ lé e á fò sókè, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn adójútòfò kì í gbàgbé. Ká ní ọkọ ni wọ́n, ìyàwó ò ní í bá wọn gbé.

Orin yìí ni Ọ̀gá ń kọ sí wọn létí láràárọ̀: "Ẹ ṣọ́ra o! Ẹni bá kán lẹ́sẹ̀ nínú yín, àpò mi ló kán."

Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lápò ni Gbọọrọ, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Bọ̀dá, ọkùnrin tó ga débi pé ó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé ara rẹ̀. Ẹṣin ló gbé e ṣánlẹ̀, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n sanwó rẹ̀, kò ku kọ́bọ̀. Ní gbogbo àkókò tó fi ń sinmi nílé, Bọ̀dá ló ń bá a wẹ ìyàwó rẹ̀, ló ń bá a ya irun rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹṣin ni mò ń wí o.

Nígbà tí wọ́n sọ owó tuntun fún Ọ̀gá, a gbọ́ pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú bàtà gígùn rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó ní bí ọdún bá parí láìsí ẹni tó fara pa, òun á fún gbogbo wọn ní ẹ̀bùn owó. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fara pa, gbogbo wọn pàdánù. Láti ọjọ́ náà ni ọgbà ẹṣin ti di ibi tí nǹkan kan kì í ti í ṣe èèyàn. Ìka tí ilẹ̀kùn fún pa, "ilé ni." Eyín tí orí ẹṣin gbá yọ, "ilé ni, balùwẹ̀ ló yọ̀." Bọ̀dá fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹṣin tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lọ sọ nílé ìwòsàn pé ibùsùn lòun fẹsẹ̀ gbá. Dókítà bi í bóyá ibùsùn náà ní pátákò. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àwọn èèyàn yẹn di ibi tó léwu jù ládùúgbò: nílé ni wọ́n ti ń ká eyín, nílé ni wọ́n ti ń kán níka, ibi iṣẹ́ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń sinmi.

Ní òwúrọ̀ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ìyàwó Bọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Akọ ọmọ, ó dúdú bí èédú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Okùn kan lọ́ mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ kó tú u, ó fà á mọ́ àyà kó má baà máa jà. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ tó kó oúnjẹ ẹran wá fun fèrè níta. Ọmọ ké, ìyá kò sì dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó yí ìdí padà, ó ta Bọ̀dá nípàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bà á lórúnkún.

Gbọọrọ wà nínú yàrá ẹṣin náà, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́. Òun ló ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, òun ló wọ́ Bọ̀dá jáde, òun ló gbé e pọ̀n dé inú ọkọ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi rò ó fún wa nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá sì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àǹtí mi ní kó bọ́ ọ, ó fọ̀ ọ́ fún un.

Dókítà ní ìdérí orúnkún ti fọ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kí egungun so ara rẹ̀ pọ̀ bó ṣe wù ú, ẹsẹ̀ náà kò ní ká mọ́ láéláé. Owó iṣẹ́ abẹ yìí kò sí nílé wa, kò sí nílé ẹnikẹ́ni tí a lè kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀. Adójútòfò wà.

Wọ́n sì wá sílé wa lóòótọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni wọ́n rán, ó fín lọ́fínńdà débi pé lẹ́yìn tó lọ la tó rí èémí mí dáadáa. Mo sọ ọ́ ní Lọ́fínńdà kó tó jókòó tán. Ó fi ìdí lé etí àga, ó wo Bọ̀dá tó na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó wá wo Àǹtí mi láti òkè délẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin ni ìyàwó wọn?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ta wọ́n nípàá?"

Àǹtí mi, tí kò ga tó èjìká mi, wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo orúnkún ọkọ rẹ̀. "Èmi? Ṣé mo gun àga ni, àbí mo fò?"

Lọ́fínńdà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù, ó ní ká gbọ́ ohùn Bọ̀dá, ìjíròrò tí òṣìṣẹ́ wọn kan bá a ṣe lórí fóònù nígbà tó ṣì wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ohùn Bọ̀dá ni lóòótọ́, oògùn ìrora ti mú un rọ̀ bí òwú.

"Ta ló ta yín nípàá, sà?" obìnrin kan béèrè.

"Ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó yín?"

"Ìyàwó mi. Ẹ má bá a wí o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni."

"Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?"

"Nínú yàrá rẹ̀."

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo gbé ọmọ rẹ̀. Kì í fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ òun. Ẹni jẹ́jẹ́ ni o, bí inú ò bá bí i. Ìgbà tó bù mí jẹ gan-an, eré ló ń bá mi ṣe."

Mo rẹ́rìn-ín títí tí omi fi ń bọ́ lójú mi. Bọ̀dá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń di itan mú. Àǹtí mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí òun nìkan ló ń wo ojú àlejò.

"Ẹṣin ni," Àǹtí wí. "Ẹṣin tó ń tọ́jú ló ń pè bẹ́ẹ̀."

"Mà, mo gbọ́ èdè dáadáa. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí ìyàwó ti ń jẹ́ ẹṣin."

"Èmi náà ìyàwó rẹ̀ ni," mo wí.

Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó mélòó ni wọ́n ní gan-an?"

"Mẹ́ta. Àǹtí mi rèé, èmi rèé, ẹni tí ẹ̀ ń wá wà níbi iṣẹ́. Ẹ mú karọ́ọ̀tì dání tẹ́ ẹ bá ń lọ."

Mo rí i tí ẹ̀rín fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ó ṣe é ṣe kó jẹ́ òótọ́ là ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ilé ìwòsàn tó wà lọ́dọ̀ wọn, ibùsùn ló gbá ọkùnrin yìí lẹ́sẹ̀ nígbà kan, ìyàwó ló tún ta á nípàá lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ọgbà náà láti ìgbà Gbọọrọ. "Ìjà tọkọtaya kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ọ̀gá wọn, tàbí ẹni tó wà níbẹ̀, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹṣin ni. Gbólóhùn kan péré."

Ó kù díẹ̀ kí n fún un lómi mu. Gbólóhùn kan! Ta ni yóò fi gbólóhùn kan du ọmọnìkejì rẹ̀?

Èmi àti Àǹtí tẹ̀ lé e lọ sí ọgbà ẹṣin. Bàtà-Dórúnkún jáde sí wa, bàtà ń dán gbinrin. Lọ́fínńdà bi í léèrè. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Èmi ò sí níbẹ̀, mi ò lè jẹ́rìí èké. Kí lòun fúnra rẹ̀ sọ?"

"Ó ní ìyàwó òun ni."

"Ẹ ò rí i! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mi ò kì í dá sọ́rọ̀ tọkọtaya."

Àǹtí mi kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ. Aláwàdà ni mí, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀fẹ̀ kankan fún ìkúnlẹ̀ yẹn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa. Ẹ̀yin náà máa ń bi í pé 'ìyàwó rẹ ńkọ́?' láràárọ̀. Ẹṣin lẹ máa ń béèrè."

"Èmi?" Ọ̀gá la ojú. "Ìwọ ni mo máa ń béèrè, arábìnrin. Ọmọlúàbí ni mí."

Wọ́n pe Gbọọrọ. Ó gbé ṣọ́bìrì dání wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kò wo apá ibi tí Àǹtí wà.

"Ìgbẹ́ ni mò ń kó," ó ní. "Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ariwo ni mo gbọ́."

"Ariwo kí ni?" Lọ́fínńdà béèrè.

"Ariwo náà ni."

"Gbọọrọ," Àǹtí mi pè é, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ yín ló kún ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn yín yẹn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo bá yín fọ̀ ọ́."

Gbọọrọ wo ilẹ̀. Ọkùnrin gígùn yẹn kúrú lójú mi. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ó ní. "Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn ni."

Lẹ́yìn náà la tó gbọ́ ohun tí Ọ̀gá ti sọ fún wọn: pé bí adójútòfò bá tún fi lè sanwó lẹ́ẹ̀kan sí i, owó á fò kọjá agbára òun, òun á sì lé èèyàn kúrò níṣẹ́, ẹni tí òun á sì kọ́kọ́ lé ni ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kó fò, ìyẹn Gbọọrọ.

Mi ò mọ èyí nígbà náà. Mo sáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo wo ìlà yàrá àwọn abo ẹṣin níwájú, mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, mo pariwo: "Ìyàwó o!"

Ẹ ò bá rí wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, orí ń yọ lójú fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, etí nà ṣánṣán, koríko ń gbọ̀n lẹ́nu wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ mi lóhùn. Lọ́fínńdà kò lè gbé e mì mọ́, ó di inú mú, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbára lé ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní ó tán, a ti ṣe é. Ó wá fi áńkáṣíìfù nu ojú.

"Mo gbà, àbúrò," ó ní. "Èmi gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi ò sí níbí. Ẹ̀rín ni mo rí, ẹ̀rí ni wọ́n ní kí n mú bọ̀."

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Bọ̀dá lórí fóònù pé kò sówó. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo sọ fún wọn nílé pé gbà-má-bínú ni wọ́n ń fún àwọn ẹlòmíì, pé bínú-má-gbà ni wọ́n ya sọ́tọ̀ fún tiwa. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nígbà tó máa fi dé àárín ẹ̀rín náà, ẹkún ló jẹ́. Àdúgbò ti gbọ́ ní tiwọn pé obìnrin kúkurú yẹn ló fọ́ ọkọ rẹ̀ lórúnkún. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà wá nímọ̀ràn pé kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ wà, ká gbé Ọ̀gá lọ síbẹ̀. Bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé e dé etí Ọ̀gá, ó yọ sí wa. Kò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo níṣẹ́ fún ọ," ó sọ fún Bọ̀dá. "Géètì. Jíjókòó ni. Ẹni tó ń jókòó sí géètì, owó tí mò ń san fún adójútòfò lé e lórí ò tó nǹkan. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin o. Bí wọ́n bá rí ọ lẹ́yìn ẹṣin, wọ́n á ní mò ń parọ́."

"Ẹ ṣé, sà. Orúnkún mi ńkọ́?"

"Géètì kì í lo orúnkún."

Ọ̀gá dìde. "Bó o bá sì fẹ́ràn kóòtù jù, ìyẹn náà dáa. Kò kàn sẹ́ni tó ń gba ẹni tó pè é lẹ́jọ́ síṣẹ́."

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí ní, "Ẹ má gbà á. Mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ sí kóòtù. Níwájú adájọ́ ni màá ti búra pé orogún mi ń jẹ koríko."

Bọ̀dá wo àjà. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa itan rẹ̀, ó ń pa á sókè sísàlẹ̀, bó ṣe máa ń pa ẹṣin tí ara rẹ̀ ò balẹ̀. "Ta ni yóò jẹ́rìí?" ó béèrè.

Mo wá àwàdà kan tí mo lè fi dí ibẹ̀, mi ò rí.

Ó gba géètì.

Ọdún náà parí láìsí ẹni tó fara pa nínú ọgbà ẹṣin. Owó adójútòfò lọ sílẹ̀, Ọ̀gá sì pín ẹ̀bùn fún wọn. Gbọọrọ mú ìdajì tirẹ̀ wá sílé wa, ó dúró sí ìta, ó na apá gígùn yẹn wọlé. Àǹtí mi wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mi ò rí i," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Egungun ti so pọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́. Bí Bọ̀dá bá jókòó sẹ́nu géètì, gbọnrangandan ló máa ń nà sí ojú ọ̀nà níwájú rẹ̀, bí igi tí wọ́n fi dínà. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ni ọkọ̀ oúnjẹ ẹran dé, dẹ́rẹ́bà náà sì yọ orí, ọmọ tó yẹ kó máa dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Bàbá, ẹ kó ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́! Iṣẹ́ ń pẹ́."

"Má bínú, ọmọ mi," Bọ̀dá wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ náà mú lábẹ́ orúnkún, ó gbé e, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹrù ẹlòmíì tí wọ́n ní kó bá àwọn ṣọ́.